Ìyá Mi Kì í Sọ̀rọ̀ Láàárọ̀ Ìkórè

Ọwọ́ mi kì í dúró síbì kan. Bí mo bá jókòó sídìí tábìlì, tábìlì ni màá máa fi ìka gbá. Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún bọ̀ wá sílé ní Ẹ̀gbẹ́dá, orí itan ara mi ni màá máa tẹ̀, ẹni tó bá jókòó tì mí á sì máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, á máa wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín yá ṣá?" Ara mi yá jàre. Orin ló ń dà mí láàmú.

Fóònù ni mò ń tún ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí lọ, iṣẹ́ náà sì ń gba sùúrù, èmi tí sùúrù ò sí lára mi rárá. Mo lè máa tú fóònù oníbàárà lọ́wọ́, kí ẹnì kan kọjá pẹ̀lú rédíò, kí n gbọ́ bí gìtá ṣe wọlé sínú orin náà, kí n sì gbàgbé síkúrù tó wà láàárín eyín mi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì rí. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀ mí. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, wọn kì í wulẹ̀ wá mọ́, nítorí mo ti ti ìlẹ̀kùn, mo ti ń sáré lọ síbi ìdánrawò orin.

Bándì ìjọ wa ni mò ń wí. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a wà ní àdúgbò kan lẹ́yìn títì tó lọ sí Ìdímù. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta gìtá béèsì ló ń darí wa. Ọ́fíìsì ìjọba ló wà láàárín ọ̀sẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé gìtá kọ́rùn báyìí, ojú rẹ̀ á le bí ojú ọ̀gá ṣọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kun mọ́tò ní Ìgàndò ló ń lu ìlù òyìnbó, aláwàdà ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Ẹsẹ̀ lásán la fi ń ṣeré, nítorí a kì í wọ bàtà nínú ilé Ọlọ́run. Bí àwọn ìyá bá fọ ilẹ̀ láàárọ̀ tí kò tíì gbẹ, iná á máa gbé wa láti ara wáyà. Ẹ̀gbọ́n fò sókè báyìí lọ́jọ́ Ìsinmi kan pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ó sì ké "Yéè!" Àwọn ìyá ní ìlà iwájú bá na ọwọ́ sókè, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé e. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa onílù wa. Ó ní Ẹ̀mí tó ti inú gẹnẹrétọ̀ wá.

Bẹ́ẹ̀ bándì yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bí mi nínú nígbà mìíràn. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ti bá ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya jà nítorí rẹ̀. Kò síbi tí mo wà tí n kì í fẹ́ wà níbòmíràn: bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ń pè mí, bí mo bá délé, títì ń pè mí. Àmọ́ bí ìlù, béèsì àti ọwọ́ mi bá jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, háà! N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Àyà mi á kàn là báyìí. Ibẹ̀ nìkan ni ara mi ti máa ń balẹ̀.

Kí n ṣàlàyé nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Orin kan náà, èèyàn lè gbé e láti òkè, èèyàn lè gbé e láti ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹni tó ń dá orin bá ti gbé e, ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ti bá a. Ohun tí à ń pè ní kíì nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ dáadáa, kò sí kíì tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀. Èmi, kíì kan ṣoṣo ni mo mọ̀, èyí tó jẹ́ pé orí àwọn eyín dúdú kíbọ́ọ̀dù ni ọwọ́ á ti máa rìn jù. Bàbá tó kọ́ mi ní kékeré ló bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ní orí dúdú ni ọmọdé kì í ti tètè ṣìnà. Kó tó kọ́ mi dé orí àwọn funfun, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òkè-Odò. Bí ẹ̀kọ́ mi ṣe parí nìyẹn.

Kíbọ́ọ̀dù òde òní ló gbà mí sílẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ń dá orin bá gbé e láti ìsàlẹ̀, màá tẹ bọ́tìnnì náà títí ohùn kíbọ́ọ̀dù fi máa sọ̀kalẹ̀ bá a, èmi á sì máa tẹ dúdú mi lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bó bá gbé e láti òkè, màá tẹ̀ ẹ́ sókè. Kì í ṣe èmi nìkan, o. Bí ẹ bá yọjú wo àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù káàkiri Alímọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni ọwọ́ òsì ń sáré lọ síbi bọ́tìnnì bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Bọ́tìnnì ni onílù wa máa ń pè mí, kò sì dùn mí. Ohun tó bá ṣáà ti ń dún, ó ń dún ni.

Ẹnì kan ṣoṣo wà tí n kì í tẹ bọ́tìnnì fún. Ìyá mi ni.

Ìyá mi ni wọ́n ń dá orin Ìkórè. Nínú ìjọ wa, bí wọ́n bá fẹ́ gbé èso wọlé lọ́jọ́ Ìkórè, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátì alápẹ̀rẹ̀ tí a lọ rà ní Ṣáṣá, ìyá àgbà kan ṣoṣo ní í ṣíwájú. Ẹnu géètì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ orin. Kò sí makirofóònù, kò sí ìlù, kò sí àtẹ́wọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni. Gbogbo ìjọ á máa gbè é lẹ́yìn, wọ́n á máa rìn bọ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn báyìí, bándì á bọ́ sí i. Bí a bá bọ́ sí i tí kò bá ohùn rẹ̀ mu, ẹ̀tẹ́ ńlá ni, gbogbo àlejò ló máa gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sọ kíì fún un ṣáájú. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló ń fún un.

Láti ọdún tí bàbá mi ti kú ni wọ́n ti fi orin náà lé ìyá mi lọ́wọ́. Láàárín ọdún, ta ló mọ̀ wọ́n? Opó tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì aṣọ níwájú ilé ni wọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í bá wọn dá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan yìí, gbogbo ìjọ, títí kan àwọn alàgbà tó ń wọ sùtánà olówó iyebíye, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n máa tò sí. Ìyá mi á ti lọ aṣọ wọn sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n á dé ṣọ́ọ̀ṣì ní kùtù, nígbà tí èmi àti àwọn tó kù ń to nǹkan sílẹ̀. Èmi á máa dán kíbọ́ọ̀dù wò, màá tẹ orin Ìkórè yẹn díẹ̀ kí ọwọ́ mi lè gbóná. Ìyá mi á dúró díẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n á wá rìn lọ sẹ́nu géètì, wọ́n á pa ẹnu dé. Bí o kí wọn, wọ́n á mi orí. Bí o bi wọ́n léèrè, wọ́n á mi ọwọ́. Àwọn alàgbà á máa lé àwọn ọmọdé kúrò lẹ́bàá wọn, wọ́n á ní, "Ẹ má da ìyá láàmú, wọ́n ti wà nínú ẹ̀mí." Nígbà tí wọ́n bá wá la ẹnu, orí dúdú mi géérégé ni orin náà máa ń bọ́ sí. Lọ́dọọdún ni. Bí bándì bá ti bọ́ sí i báyìí, gbogbo ìjọ á hó yèè. Mo máa ń fi yangàn sí onílù wa. Mo ní, "Wò ó, èmi àti ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. A ò nílò bọ́tìnnì."

Lọ́dún yìí, ohùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni wọ́n dá orin ìyìn. Bí wọ́n ṣe dé ibi tó ga nínú rẹ̀, ohùn náà là sí méjì, ó di atẹ́gùn lásán. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n tún un gbé, ó tún já. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan fi ìka bo ẹnu. Inú bí mi débi pé mo tẹ kíbọ́ọ̀dù mọ́ wọn létí. Lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà. A gbìyànjú oyin, a gbìyànjú orógbó àti àtalẹ̀. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tan iná sí ọ̀fun wọn, ó ní, "Màmá, ọ̀fun yín mọ́ tónítóní. Àgbà ló ń dé." Ìyá mi dìde. Wọ́n di gèlè wọn, wọ́n jáde.

Ẹ̀gbọ́n pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Àbúrò, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìyá wa."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi yí ọ̀rọ̀ po. Ẹ sọ ọ́."

Ó ní àwọn alàgbà ti sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọrin nínú bándì kan ní Ìkòtún, ohùn rẹ̀ dùn, wọ́n fẹ́ kó dá orin Ìkórè. Wọ́n máa gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìdánrawò Sátidé tó ṣáájú Ìkórè. Bó bá já, ó parí nìyẹn.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Ìwọ ni ọmọ wọn," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ń wo gìtá rẹ̀.

Ẹ gbà mí! Àbí irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Mo rìn dé ilé, mo kọjá ilé, mo rìn títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ṣáṣá kí n tó padà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, ìyá mi ń ká òwú. Wọ́n ká a tán. Wọ́n ní, "Sátidé tó ń bọ̀ yìí kọ́, àbí?" Mo ní èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Ó dáa." N kò gbọ́ kí wọ́n kọrin nínú ilé mọ́ láti ọjọ́ náà, ilé wa sì wá dà bí ilé ẹni tó lọ ìrìnàjò.

Kí ìyà mi lè pé, kíbọ́ọ̀dù mi jóná. Mo gbé e lọ bá ìjọ kan ṣeré ní Ìgàndò, gẹnẹrétọ̀ wọn kàn bú ramúramù lójijì, èéfín sì jáde lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Mo tú u palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì ń dún, àmọ́ apá ibi tí bọ́tìnnì wà ti di eérú. Èmi tí mò ń tún nǹkan oníná ṣe fún gbogbo Ìkòtún, n kò rí ohun tí màá fi sí i, àwọn tó ń ta á ní ó di lẹ́yìn Ìkórè. Onílù wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́tìnnì ti di bàbá lásán." Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọwọ́ ni o máa fi wá a. Lọ kọ́ ọ."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíì mìíràn nìyẹn, àgbàlagbà bíi tèmi. Ìka mi ò gbọ́. Mo máa tẹ̀ ẹ́, màá ṣì í, màá dìde, màá lọ mu omi tí òùngbẹ ò gbẹ mí, màá tún padà. Mo bú kíbọ́ọ̀dù náà. Mo bú bàbá tó kó lọ sí Òkè-Odò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná wà, mo gbé kíbọ́ọ̀dù ka orí àga ní pálọ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ láàárín wa. Orin Ìkórè ni mò ń wá kiri lórí àwọn funfun, ní kíì kan tó wà nísàlẹ̀. Mo rí i díẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Mo wá ń gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ará ilé kejì ló ń kọrin. Ohùn náà nípọn, ó fẹ̀, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́ bí omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò já. Ó dé ibi tó ga nínú orin náà, ó kọjá ibẹ̀ láìmí.

Ìyá mi ni. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń kọrin, ẹ̀gúsí ni wọ́n ń wò.

Mo kúrò lórí funfun, mo padà sórí dúdú mi àtijọ́, mo tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn tó wà lẹ́yìnkùlé gòkè tẹ̀ lé mi. Ó tín-ín-rín, ó le koko, ó dé ibi gíga yẹn, ó já. Mo padà sísàlẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi padà, ó sì tún fẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Mo jáde síta. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń tẹ̀ lé mi?"

"Mo tẹ̀ lé ọ lọ síbo?"

"Nínú orin. Ẹ̀yin ni ẹ ń wá bá mi, àbí èmi ni mò ń bá yín?"

Wọ́n fọ́n èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí aṣọ wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n bóyá oòrùn ń ràn. "Ta ló máa tẹ̀ lé ta? Ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ jókòó sídìí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Alàgbà kan dá orin, o wá a títí o ò rí i. Àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. O wọ abẹ́ àga lọ, a fà ọ́ títí, o ò jáde. O ní o ò ní í fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Bàbá rẹ ò tíì ju oṣù díẹ̀ nínú ilẹ̀ nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú ọ rẹ́rìn-ín nìyẹn, o tún ní o ò ṣe mọ́." Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀gúsí kan. "Mo ní, kò burú, ibi tí ọwọ́ ọmọ yìí mọ̀, ibẹ̀ ni màá máa gbé e sí."

"Ẹ ṣe ń mọ ibẹ̀?"

"Ṣebí o máa ń dán an wò láàárọ̀? Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, màá gbé ohùn náà sẹ́nu, màá sì dì í mú. Ìdí tí n kì í fi í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí mo bá la ẹnu kí èèyàn pẹ́nrẹ́n, ó ti bọ́ nù nìyẹn."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Gbogbo ìgbà tí àwọn alàgbà ń lé ọmọdé kúrò lẹ́bàá wọn, tí wọ́n ní wọ́n wà nínú ẹ̀mí. Ohùn ọmọ wọn ni wọ́n dì sẹ́nu, bí ẹni gbé omi sẹ́nu tí ò gbọ́dọ̀ gbé e mì, kí ojú má bàa tì í. Ohùn wọn ti ń lọ sílẹ̀ bọ̀ bí ọjọ́ orí wọn ṣe ń lọ sókè, àwọn sì ń na ọrùn sí dúdú mi. Ìbínú ni mo fi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀fun yín lẹ fẹ́ fi ṣòfò nítorí mi? Wọ́n ti fẹ́ gba orin náà lọ́wọ́ yín! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Má pariwo mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ọ̀fun ta ni?"

Mo ní lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbé e láti ibi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

"Bí o bá sọnù ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọnù."

"Ojú á tì ọ́ lójú àwọn èèyàn."

"Ẹ jẹ́ kó tì mí, mà! Ṣé abẹ́ àga ni màá tún wọ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì mi orí. Wọ́n ní etí wọn ò ní í gbà, bó bá ti gbọ́ mi, ibi tí mo wà ló máa lọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo ti rí i lọ́sàn-án yẹn pẹ̀lú ojú mi.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé, n kò tẹ kíbọ́ọ̀dù. Mo dé, mo gbé e kalẹ̀, mo so wáyà, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ wo ìyà yẹn. Ìka mi ń jó lábẹ́ ìdí mi. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dán kíbọ́ọ̀dù wò, mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Onílù ní, "Kí ló ṣe ọ́, ṣé ilẹ̀ tutù ni?" Àwọn alàgbà kan jókòó sí ìlà iwájú. Ọmọbìnrin Ìkòtún náà jókòó sí ẹ̀yìn, ọmọ dáadáa ni, ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìyá mi dúró lẹ́bàá fèrèsé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n ń wò mí, èmi ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Mà, a ti ṣetán o." Wọ́n wá lọ sẹ́nu géètì ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí wọ́n wú ikọ́. Mo bẹ Ọlọ́run.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gbé e. Ohùn ẹ̀yìnkùlé náà ni, ohùn ẹlẹ́gùúsí. Àwọn alàgbà gbé orí sókè. Ó ń bọ̀, ó ń sún mọ́ wa, ó kún gbogbo àgbàlá, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n fi orí ṣàmì sí wa, a sì bọ́ sí i. Mo ṣì í. Mo ṣì í burúkú. Mo sún ọwọ́, mo tún ṣì í. Onílù ń wò mí bí ẹni ń wo ìjàm̀bá mọ́tò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti fẹ́ bàjẹ́ ni pé ìyá mi gbọ́ ibi tí mo ṣìnà sí, lókè lọ́hùn-ún, ohùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ wá gbà mí. Ó ti ń tín-ín-rín. Ó kù díẹ̀ kó já.

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo ké, nínú ilé Ọlọ́run, lójú àwọn alàgbà, "Rárá, mà! Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà!"

Wọ́n dúró. Ohùn náà sọ̀kalẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò bá mi wí. Ó tẹ okùn kan ṣoṣo lórí gìtá rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó ń wò mí lójú, ó ń tún un tẹ̀ lábẹ́ ohùn ìyá mi, ìlù náà sì rọra wọlé, ó ń dúró dè mí. Mo wá ohùn kan yẹn, mo rí i. Mo rí èkejì. Ọwọ́ mi balẹ̀ lórí àwọn funfun, kò dán mọ́rán o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni. Àyà mi là. Mo ń sunkún, mo ń tẹ̀, onílù ń pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ló wọlé.

Nígbà tó parí, alàgbà kan ní, "Ìyá, níbo lẹ gbé ohùn yìí pamọ́ sí látọjọ́ yìí?" Ìyá mi wò mí, wọ́n ní ẹ̀gúsí ló tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Ìkòtún mọ́, òun gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, a ń to nǹkan sílẹ̀, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. Ìyá mi ni. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọmọ, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọkọ. Wọ́n bá ẹni tó gbé àpẹ̀rẹ̀ tòmátì jà pé kó má gbé e sínú oòrùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sókè, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ rí ní irú ọjọ́ yẹn. Alàgbà tó ń lé àwọn ọmọdé sún mọ́ wọn, ojú rẹ̀ ò dáa. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ṣé Ẹ̀mí ò tíì dé lónìí ni?"

Wọ́n ní, "Ó ti dé, bàbá. Ẹnu mi ló ṣófo."

Mo wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, n kò tẹ nǹkan kan. Mo rò pé ibi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n máa gbé e sí, mo ti fi ọwọ́ síbẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e, níbi tí ẹnikẹ́ni ò rò, bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́ àti gbogbo ìjọ lẹ́yìn, mo wá wọn níbí, mo wá wọn lọ́hùn-ún. Ojú wa pàdé. Wọ́n rí i pé mo sọnù. Wọn ò dúró dè mí, wọ́n ń kọrin wọn lọ, mo sì sáré bá wọn.